Ohun Tí Imú Mi Kọ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ìtòkú ni ìsọ̀ mi wà ní Abẹ́òkúta, àdìrẹ ni mo sì ń tà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń fi í gbé ọjà lọ bá àwọn oníbàárà mi ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta àti Yábàá, nítorí pé ọ̀nà Sàngó-Ọ̀tà ti fẹ́ sọ ẹ̀yìn mi di ti arúgbó kí ọjọ́ ogbó tó dé. Bí àwọn ará ọjà bá gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀, owó ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè, lẹ́yìn náà wọn a béèrè bóyá ó máa ń yá. N kò tí ì rí ẹnì kan tó béèrè bí inú rẹ̀ ṣe ń rùn tàbí bí ó ṣe ń ta sánsán. Bẹ́ẹ̀ ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé imú ni mo fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ìrìn àjò yìí: bí àwọn èrò ṣe ń wo ara wọn, irú ẹrù tí wọ́n ń gbà mọ́ra, irú èyí tí wọ́n ń yínmú sí, àti ohun tó yẹ kí ọlọ́jà ṣe kí ó tó gbé ẹrù wọ ibi tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ wọlé.

Ojú irin kì í ṣe ohun tuntun fún àwa Ẹ̀gbá. Ọdún 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Ìddó ní Èkó; ó gba Ọ̀tà kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, kí ó tó dé Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣí i fún ìlò ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ìyá tó bí ìyá mi jẹ́ aláró ní Kémta, láti ìdíkọ̀ Lafẹ́nwá ló sì ti máa ń gbé aṣọ lọ sí Èkó. Kò gbàgbé ọkọ̀ tó ń jẹ èédú títí ó fi kú. Ó ní ẹni tó bá wọ aṣọ funfun láti Lafẹ́nwá, aṣọ aláwọ̀ eérú ni yóò wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìddó, àti pé òórùn èéfín náà kì í kúrò lára aṣọ àfi bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èmi fi máa tó ẹni tí wọ́n ń mú dání lọ sí Èkó, epo dísù ni ọkọ̀ ti ń jẹ, èédú ti di ìtàn.

Fèrèsé ọkọ̀ ìgbà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, nítorí náà ìlú àti oko ni ó ń wọlé tọ̀ wá. Ní Lafẹ́nwá, ẹja yíyan àti àgbàdo sísè láti ọjà ni yóò kọ́kọ́ gba imú wa. Bí a bá ti ń sún mọ́ Wáṣinmi, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún láfún yóò gorí afẹ́fẹ́, òórùn kíkan tí ọmọ Ẹ̀gbá kankan kò lè ṣì mọ̀. Ní agbègbè Ewékorò, eruku sìmẹ́ǹtì ni. Imú á gbẹ, ọ̀fun á sì máa yún ènìyàn. Lẹ́yìn ibẹ̀, bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín igbó tí wọ́n ń sun ni yóò sìn wá lọ títí a ó fi dé Àgége, níbi tí àwọn oníbúrẹ́dì yóò ti máa na búrẹ́dì gbígbóná sókè sí ojú fèrèsé. Èmi ọmọdé, tí n kò lè ka orúkọ ìdíkọ̀ kankan, mọ ibi tí a dé láìjẹ́ pé mo béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo rántí nípa ọkọ̀ náà. Bí mo bá di irin ojú fèrèsé mú títí, àtẹ́lẹwọ́ mi a máa rùn lọ́nà kan tí mo ń pè ní òórùn irin. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ sí ìsinsìnyí ni mo kà á pé irin fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan tó ń gbé jáde báyẹn. Ọ̀rá ara wa ni irin ń yí padà bí a bá fọwọ́ kàn án, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni imú wa ń gbọ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2006. Ara wa ni a ń gbóòórùn, a sì ń dá irin lẹ́bi. Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbàkúùgbà tí àríyànjiyàn òórùn bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun, ó sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà ojú irin tuntun náà. Ó tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Ti Abẹ́òkúta wà ní Ládérìn, ní ẹ̀yìn ìlú, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi pe ìdíkọ̀ náà. Ti Èkó wà ní Alágoméjì, orúkọ Mobọ́lájí Johnson ni wọ́n fi pè é. Ojú irin náà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ọkọ̀ orí rẹ̀ sì ń sáré jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí imú mi mọ̀ ni pé fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ pátápátá ni, ẹ̀rọ amúlétutù ló sì ń pèsè afẹ́fẹ́. A ó rí oko ẹ̀gẹ́, a kò ní gbóòórùn rẹ̀. A ó rí eruku Ewékorò lórí ewé igi lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní yún wa lọ́fun. Gbogbo ohun tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń mú wọ inú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti tì mọ́ ìta, àwa èrò àti ẹrù wa nìkan ló kù síbẹ̀ fún ara wa láti gbóòórùn.

Bí ènìyàn bá dúró lórí pẹpẹ ìdíkọ̀ ní Ládérìn, epo dísù ni yóò gbọ́ nígbà tí orí ọkọ̀ bá kọjá, pẹ̀lú òórùn búréèkì tó gbóná, tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn ilẹ̀ tútù tó dára jù lọ ni yóò borí gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kóòṣì bá ti pa dé báyìí, gbogbo ìyẹn parí. Òórùn ẹ̀rọ amúlétutù ni ó kọ́kọ́ ń kí ni. Nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tuntun, rọ́bà àti tìmùtìmù àga tuntun ni ó ń rùn, inú wa sì dùn sí i nítorí pé òórùn ọlá ni lójú wa. Bí ìgbà ti ń lọ, òórùn eruku tó rin máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ládùúgbò wa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: omi inú afẹ́fẹ́ máa ń sẹ̀ sára irin tútù inú ẹ̀rọ náà, eruku á lẹ̀ mọ́ omi náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bí wọ́n bá fọ asẹ́ rẹ̀ déédéé, kò ní rùn. Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí mo bá wọ kóòṣì ni mo fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú rẹ̀.

Ọkọ̀ òwúrọ̀ àti ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í rùn bákan náà. Ní òwúrọ̀, ọṣẹ ìwẹ̀, ìpara, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, lọ́fíńdà àti àbọ́níkì tí àwọn àgbàlagbà fi pa orúnkún ni. Àkàrà gbígbóná a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí kò bá tíì jẹun yóò sì máa gbé itọ́ mì láìsọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ni àwọn èrò gbé wọlé: òógùn, bàtà tí wọ́n bọ́ lábẹ́ àga, aṣọ tó ti bá èéfín Èkó lò, àti ẹja tí àwọn kan rà ní ọjà Oyíngbò nítorí àwọn ará ilé. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan ń fi òógùn bú àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè wọ́n ní onídọ̀tí. Èyí máa ń bí mi nínú. Òógùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan; àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tó ń gbé lára gbogbo wa, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ni wọ́n ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òórùn. Ẹni tó wẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀, tó fi gbogbo ọ̀sán ru bíríkì, tó sì wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe onídọ̀tí. Ó kàn jẹ́ pé kò rí ibi tí yóò ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Àríyànjiyàn tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí, irú tí a fi ń se ọbẹ̀ ló dá èyí tó le jù lọ nínú rẹ̀ sílẹ̀ lójú mi. Ìyá àgbàlagbà kan wọ kóòṣì wa ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ọ̀rá bò. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí gbogbo kóòṣì fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lórí itan, gbé orí sókè, ó ní, “Ta ló gbé òkú wọ inú ọkọ̀ yìí?”

Ìyá náà kò yí ojú padà. Ó ní, “Irú ni, ọmọ mi. Irú wóóró ni. Bí ìyá rẹ bá fi se ọbẹ̀ fún ọ, wàá lá ọwọ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kùn. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ dé, ó bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.” Ó bọ̀wọ̀ fún un, n kò sì rí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn náà ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó yọ lọ́fíńdà jáde nínú báàgì, ó fọ́n ọn sókè, ó fọ́n ọn sí ọ̀tún àti òsì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, obìnrin kan tó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí, ọmọ ọwọ́ kan ń sín ní àsíntúnsín, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi gan-an. Irú kò tíì fọ́ ẹnikẹ́ni lórí títí di àkókò yẹn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ló gbé wọ inú ọkọ̀. Ohun tó bá wá láti inú ìgò olówó gọbọi, àwa èrò máa ń fara dà á títí ara á fi kọ̀ ọ́. Ohun tó bá wá láti inú apẹ̀rẹ̀ ìyá arúgbó, ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù.

Mo mọ̀ pé òórùn irú lágbára. A ń se kóró inú èso igi igba títí yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó tún un sè, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó fi lè rọ́nà di irú. Nínú ìbòmọ́lẹ̀ náà ni òórùn rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Bí wọ́n bá ní kí a dì í dáadáa, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá ní òkú ni, irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà yìí ti ṣẹlẹ̀ rí níbi tó tóbi ju kóòṣì wa lọ. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láyé, ní ọdún 1863, èédú ni ọkọ̀ náà sì ń jẹ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ẹ fojú inú wo èéfín tí ìyá ìyá mi ń ráhùn sí, kí ẹ wá tì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Ọdún 1890 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná wa ọkọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ náà pinnu láti fi lọ́fíńdà kan tí wọ́n ń pè ní Madeleine sí ilẹ̀ ìdíkọ̀ mẹ́ta kí ó lè máa ta sánsán bí àwọn èrò bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò pé ọjọ́ méjì tí wọ́n fi dá a dúró, nítorí pé àwọn èrò ní ó ń rìn wọ́n. Bí mo ṣe ka ìtàn yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó wọ kóòtù wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ará Singapore ní tiwọn kò fi nǹkan kan bo òórùn mọ́lẹ̀. Èso dùríánì, tí òórùn rẹ̀ le gidigidi, ni wọ́n kà léèwọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin wọn, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri kí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè mọ̀. Èwọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé sàn ju àbùkù tí wọ́n ń fi kan arúgbó lójú ọ̀nà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kí wọ́n ka irú léèwọ̀.

Nísinsìnyí, ẹrù tèmi náà ń rùn. Kò sí aládìrẹ tí aṣọ rẹ̀ kò ní òórùn. Aró ìbílẹ̀, èyí tí a fi ewé èlú àti omi eérú pò, tí a bò títí tó fi kan, máa ń fi òórùn ewé àti ilẹ̀ sára aṣọ fún ìgbà pípẹ́. Aró ìgbàlódé, èyí tí a ń fi sódà àti kẹ́míkà pò, máa ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, pàápàá bí wọ́n kò bá ṣan aṣọ náà títí omi rẹ̀ fi mọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní òórùn ẹ̀kọ láfún tí a fi ya iṣẹ́ sí i lára. Kàmpálà tí a fi àbẹ́là ṣe ní òórùn àbẹ́là. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńlá kan, kí ẹ gbé e wọ kóòṣì tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Bí òórùn kan bá ti wà lọ́dọ̀ ẹni fún ìgbà díẹ̀, imú yóò dẹ́kun láti máa ròyìn rẹ̀, kí ó lè ráyè fún òórùn tuntun tó bá ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a. Òun ló jẹ́ kí ìyá onírú lè jókòó jẹ́ẹ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún lọ́fíńdà fọ́n nítorí pé kò gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ fọ́n mọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí a máa rò nílé pé ilé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ń rùn. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Ìlọrin ni mo fi ń dán ẹrù mi wò. Bí ó bá ti wọlé lẹ́yìn tó ti pẹ́ nílé ìwé, kí ó tó kúnlẹ̀ kí mi tán ló ti máa ń sọ pé, “Ẹ̀yin mà, sódà yín ti pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí.” Bí òun kò bá sí nílé, mo máa ń gbé aṣọ kan fún ẹni tó ń ta bàtà ní ọ̀kánkán ìsọ̀ mi kí ó gbóòórùn rẹ̀. Imú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́, ẹnu rẹ̀ náà kò sì gba gbẹ̀rẹ́.

Àmọ́ ṣá o, n kò fẹ́ kí àdìrẹ mi má ní òórùn rárá. Ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ń kó wá kún ọjà wa lówó pọ́ọ́kú, kò ní òórùn aró kankan. Bí ẹ bá gbé e sí imú, ọ̀rá àti páálí tí wọ́n fi dì í ni ẹ ó gbọ́. Àwọn oníbàárà mi tó mojú aṣọ a máa gbé e sí imú kí wọ́n tó na owó. Nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan, èrò kan tó jókòó ní ọ̀kánkán mi, obìnrin tí ẹ̀wù rẹ̀ jọ ti òṣìṣẹ́ báńkì, ń mí sínú, ó ń mí sóde, ó ń wo yí ká. Mo ti ń múra àtidáhùn sílẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èlú ni mo ń gbọ́ yìí?” Mo ní èlú ni. Ó ní Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ìyá bàbá òun, òun kò sì gbóòórùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá náà ti kú. Ó ra aṣọ méjì kí a tó dé Àgége, kò sì yọ owó kankan nínú iye tí mo pè é. Òórùn kan náà tí ẹlòmíràn ì bá fi yínmú sí mi ni ó tà á fún mi.

Mo tún máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó bí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí apá Mile 2. Láti Marina ni ó ti ń gbéra, kìlómítà 13 ni, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Iná mànàmáná ni ó ń lò, nítorí náà òórùn dísù kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ èrò ń dúró nínú rẹ̀, abíyá ẹnì kan sì lè wà lẹ́bàá imú ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ rí yóò rò pé ibẹ̀ yóò rùn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíkọ̀ rẹ̀ kò jìnnà síra, ilẹ̀kùn ń ṣí ní gbogbo ìgbà, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń gba àárín wa kọjá kí òórùn tó ráyè jókòó. Tiwa láti Abẹ́òkúta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé iye èrò kọ́ ni ó ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe ń rùn, bí kò ṣe bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pààrọ̀ sí.

Nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: Izal ni yóò sọ fún yín bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, bí ẹ kò bá sì gbọ́ Izal, ẹ jókòó sí àárín kóòṣì.

Ọ̀nà tí mo ń gbà di ẹrù ti yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń dì í nígbà tí mò ń wọ dáńfó. Mo ń ṣan aṣọ aláró ìgbàlódé títí omi fi mọ́ gaara, mo sì ń sá a sí ibòòji tí afẹ́fẹ́ wà títí yóò fi gbẹ dé inú ìṣẹ́po, nítorí pé aṣọ tó rin díẹ̀ ló ń rùn jù, ó sì lè bu kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. N kì í fi káfúrà sí i mọ́, nítorí pé ẹni tó jókòó tì mí ni káfúrà ń bá jà ju kòkòrò lọ. Àdìrẹ èlú wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ tí mo dì lẹ́nu, ẹlẹ́kọ wà nínú tirẹ̀, wọn kì í pàdé. Ìyá onírú náà, tí a ti di ojúlùmọ̀, ti ń lo ike onídèérí tó ń há gádígádí, ó sì tún ń fi ọ̀rá méjì wé e lẹ́yìn. Mo jókòó tì í láìpẹ́ yìí títí a fi dé Alágoméjì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bóyá imú mi ti mọ́ ọn lára ni, n kò lè búra, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kùn nínú àwọn tó kù.

Síbẹ̀, ọlọ́jà nìkan kò lè ṣe é tán. Nígbà ayé ìyá ìyá mi, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí yàtọ̀ sí ibi tí èrò ń jókòó, ẹja gbígbẹ àti aró kì í sì í bá àwọn tó wọ aṣọ òde du àyè. Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú láfún, irú, ẹja odò Ògùn àti àdìrẹ. Ọkọ̀ tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa gbéra kò lè ṣàì ru wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ náà ṣe ni kí wọ́n ya kóòṣì kan sọ́tọ̀ fún ẹrù ọjà, ní ẹ̀yìn pátápátá, tí afẹ́fẹ́ ìta yóò máa gbà kọjá, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gba owó tí apá wa ká lórí rẹ̀. Èmi yóò san tèmi, ìyá onírú náà sì ti sọ fún mi pé òun yóò san tòun, bí wọ́n bá lè ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ òun.